Ìtàn Ló Ń Yan Ọ̀nà: Ìdánwò Ìhun àti Ìṣọwọ́lo-Èdè Nínú Ìwé Ìtàn Àròsọ



Ìbéèrè tó wà nílẹ̀

Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn òǹkọ̀wé káàkiri ayé ti ń gbé ìwé ìtàn àròsọ gba ọ̀nà tí kò wọ́pọ̀. Àwọn kan ń pín ìtàn kan fún asọ̀tàn mẹ́ta. Àwọn kan ń kọ odidi ìwé láì lo àmì ìdánudúró. Ẹlòmíràn ń tẹ orí ìwé rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí òǹkàwé lè tò wọ́n bó ṣe wù ú. Díẹ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ di àwòkọ́ṣe, ọ̀pọ̀ ló sì wọ ìgbàgbé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ dáhùn: kí ló ń mú kí ìhun tàbí ìṣọwọ́lo-èdè tó ṣàjèjì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé ìtàn àròsọ?

Ìdáhùn rẹ̀ rèé: ìtàn ló yẹ kó yan ọ̀nà. Ọ̀nà tuntun máa ń dúró nígbà tí ohun tí ìtàn ní láti sọ kò bá ṣeé sọ tán lọ́nà àtijọ́. Bí òǹkọ̀wé bá kọ́kọ́ yan àrà tó fẹ́ dá, tó wá ń wá ìtàn kiri tí yóò fi gbé e, àrà náà kì í pẹ́ ṣá. Ẹ̀rí fún ìdáhùn yìí pọ̀ nínú ìwé Yorùbá, ó pọ̀ nínú ìwé àwọn ará ilẹ̀ adúláwọ̀ yòókù, ó sì wà nínú Ẹ̀fẹ̀, orin òru ilẹ̀ Yewa.

1. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó

Ìhun ni bí a ṣe to ìtàn: ohun tó ṣíwájú àti ohun tó kẹ́yìn, ẹni tó ń sọ ọ́ àti ẹni tó ń gbọ́ ọ, bí a ṣe pín in sí orí, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti ibi tí a parí rẹ̀ sí. Ìṣọwọ́lo-èdè ni irú ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé ń yàn, bí gbólóhùn rẹ̀ ṣe gùn tàbí kúrú, bí ó ṣe ń lo òwe, àfiwé, àwítúnwí àti ẹ̀ka-èdè. Méjèèjì kì í jìnnà síra wọn, nítorí pé ẹni tí a bá gbé ìtàn lé lọ́wọ́ ló ń pinnu irú èdè tí ìtàn yóò sọ.

Àṣà ìkọ̀wé ni ohun tí òǹkàwé ń retí kó tó ṣí ìwé. Lóde òní ó ń retí asọ̀tàn kan: yálà arínúróde, tó mọ èrò ọkàn gbogbo ẹ̀dá-ìtàn, tàbí ẹni tó ń sọ ohun tó ṣojú rẹ̀. Ó ń retí kí ọ̀rọ̀ díjú, kó sì tú. Ó ń retí kí orí kejì tẹ̀lé orí kìn-ín-ní, kí èdè sì jẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò.

Ìdánwò, nínú ọ̀rọ̀ yìí, ni kí òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ yẹ ọ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn ìrètí wọ̀nyí nítorí ohun tó fẹ́ sọ. Ẹsẹ̀ méjì ni ìtumọ̀ náà dúró lé. Èkíní ni mímọ̀ọ́mọ̀: ẹni tí kò mọ àṣà, tó wá ṣì í kọ, kò dán nǹkan kan wò. Èkejì ni ìdí: ẹni tó yẹ àṣà láìnídìí ti dá àrà, ṣùgbọ́n kò tíì kọ ìtàn. Ìdí yìí ni a óò máa wá nínú ìwé kọ̀ọ̀kan tí a bá dárúkọ.

2. Ìdánwò àná lè di àṣà òní

Kò sí ìhun tó jẹ́ àjèjì títí ayé. Ohun tó wà nílẹ̀ ṣáájú la fi ń mọ ohun tó yàtọ̀. Ní ọdún 1938 ni D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ìrìnàjò ọdẹ láàárín iwin àti àǹjọ̀nú, ìwàásù, àlọ́, ẹ̀fẹ̀ àti òwe, gbogbo rẹ̀ ló kó sínú ìwé kan. Nígbà tó fi di ọdún 1961 tí Àdììtú Olódùmarè jáde, ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ ti di márùn-ún, ọ̀nà rẹ̀ sì ti di ọ̀nà tí àwọn mìíràn ń tọ̀. J. Ògúndélé kọ Èjìgbèdè Lọ́nà Ìsálú-Ọ̀run ní ọdún 1956. D. J. Fátànmí náà gbé ìtàn wọ igbó nínú Kórìmálẹ̀ Nínú Igbó Àdìmúlà. Igbó irúnmalẹ̀, tó jẹ́ ìdánwò ní ọdún 1938, ti di àṣà.

Ibẹ̀ ni ọmọ Ìlaro kan ti wọ inú ọ̀rọ̀. Ìlaro ní ilẹ̀ Yewa ni wọ́n ti bí Afọlábí Ọlábímtán ní ọdún 1932. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Yorùbá, ó sì ṣojú Ìwọ̀-Oòrùn Ògùn ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti ọdún 1999 sí 2003, ọdún tó papò dà. Nígbà tó kọ Kékeré Ẹkùn ní ọdún 1967, kò wọ igbó iwin lọ. Ó sọ ìtàn ọmọdékùnrin kan tó ń dàgbà nílùú ènìyàn, níbi tí àṣà ìbílẹ̀ àti ẹ̀sìn Kristi ti ń forí gbárí. Lójú òǹkàwé òní, kò sí ohun tó wọ́pọ̀ tó ìtàn ọmọdé, ilé, ìjọ àti ilé-ìwé. Lójú ẹni tó ti fi bí ọgbọ̀n ọdún ka ìtàn ọdẹ àti àǹjọ̀nú, ìyẹn gan-an ni ohun tuntun. Ìdí rẹ̀ sì hàn: wàhálà inú ilé àti inú ìjọ kò ṣeé gbé lé ejò olórí ènìyàn lọ́wọ́. Ìtàn náà béèrè ìlú, òǹkọ̀wé sì fún un ní ìlú.

Nítorí náà, ìdánwò kò túmọ̀ sí kí ìwé ṣòro kà. Ìwé tó rọrùn lè jẹ́ ìdánwò bí ó bá fi àṣà ìgbà rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ohun tó ní láti sọ.

3. Ẹnu ta ni ìtàn ti ń jáde?

Ibi tí àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá ti dán ìhun wò jù ni ọ̀rọ̀ asọ̀tàn. Ó sì yẹ kí a rántí pé ìdánwò ni ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá fi bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1929 sí 1930 ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá jáde. Arúgbó aláìsàn ni, tó ń ka ìgbésí ayé rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọkùnrin, tó ń sunkún ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Olóòtú ìwé ìròyìn náà, I. B. Thomas, ló kọ gbogbo lẹ́tà ọ̀hún. Ní ọdún 1930 ó kó wọn jọ di ìwé.

Lẹ́tà ló ru ìtàn yẹn, ó sì ní ìdí. Ìjẹ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá. Ìjẹ́wọ́ sì ń fẹ́ ẹnu ẹni tó ṣẹ̀. Bí arínúróde bá sọ ọ́, yóò di ìwàásù lórí obìnrin kan. Nígbà tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ ń bá olóòtú sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tó ń dárúkọ àwọn ibi tí ará Èkó mọ̀, tó ń dánu dúró nítorí àìsàn, òǹkàwé ò lè jókòó sí ọ̀ọ́kán máa wò ó. Àwọn kan gbà pé ènìyàn gidi ni, wọ́n sì ń kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn nípa rẹ̀. Ìhun ló fún ìtàn ní ẹ̀mí.

Fágúnwà náà ní ìdí tirẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ, Àkàrà-Ògùn fúnra rẹ̀ ló wá bá òǹkọ̀wé, tó ní kó mú gègé kó máa kọ ohun tí òun yóò sọ. Ọdẹ náà ń padà wá lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, èrò tó ń wá gbọ́ ọ sì ń pọ̀ sí i. Ọ̀pìtàn, akọ̀wé àti àwùjọ olùgbọ́ ló wà nínú ìwé kan ṣoṣo. Ọ̀nà yìí ni Fágúnwà fi gbé àwùjọ tí a ti ń gbọ́ ìtàn lẹ́nu wọ inú ìwé tí ẹnì kan ń dá kà. Bí a bá yọ Àkàrà-Ògùn kúrò, tí a fi arínúróde rọ́pò rẹ̀, àwọn iwin yóò ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n àwùjọ yóò ti tú.

Ní ọdún 1969 ni Adébáyọ̀ Fálétí lọ síwájú jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Ìtàn àwọn tó wà lábẹ́ ìsìnrú tí wọ́n ń jà fún òmìnira ni. Ènìyàn mẹ́ta ló ń sọ ọ́: Àjàyí, Ìbíwùmí àti Àyọ̀wí, oníkálukú pẹ̀lú ohun tó ṣojú tirẹ̀. Ó lè dà bíi pé kí Àjàyí, olórí ìjà, sọ ìtàn náà tán. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́ tán, ìtàn akọni kan ni yóò jẹ́. Ìjàgbara ti gbogbo ìlú ni, kò sì sí ojú kan tó rí gbogbo rẹ̀. Fálétí pín ẹnu ìtàn nítorí pé ìjà náà fúnra rẹ̀ pín sí ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìtàn ló yan ọ̀nà.

4. Èdè tó fi àjùmọ̀lò sílẹ̀

Ìdánwò lórí èdè máa ń fa àríyànjiyàn ju ti asọ̀tàn lọ, nítorí pé èdè ni ọ̀wọ̀ àwùjọ rọ̀ mọ́. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní ọdún 1920, gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n bí Yorùbá ṣe ń to ọ̀rọ̀ ló fi tò ó. Akéwì Dylan Thomas yìn ín nínú ìwé ìròyìn The Observer. Nílé, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé bínú: wọ́n ní ìwé náà yóò mú kí òyìnbó rò pé àwọn aláwọ̀ dúdú kò gbọ́ èdè.

Ìbínú yẹn ní ìdí nígbà ìjọba amúnisìn, ṣùgbọ́n ìwé náà ti dá ara rẹ̀ láre. Àlọ́ ni ìtàn ọkùnrin tó ń wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú òkú. Àlọ́ ní ìró àti ìsáré tirẹ̀, èdè ọ́fíìsì kò sì lè gbé e. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn náà di eré Yorùbá tó pè ní Ọ̀mùtí ní ọdún 1963, ó wọ èdè náà láìsí ìnira, nítorí ilé ló padà sí.

Ken Saro-Wiwa ṣe irú rẹ̀ nínú Sozaboy ní ọdún 1985. Ọmọdékùnrin abúlé kan tó wọ iṣẹ́ ológun láìmọ ohun tí ogun jẹ́ ló ń sọ ìtàn. Àdàlù èdè Pijin, Gẹ̀ẹ́sì àkúfọ́ àti ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì gidi ló ń sọ. Ogun náà kò yé e, èdè àwọn tó kó o wọ inú rẹ̀ náà kò sì yé e tán. Òǹkàwé tó ń tiraka láti tẹ̀ lé gbólóhùn rẹ̀ ń jìyà àìlóye kan náà. Bí Saro-Wiwa bá fi Gẹ̀ẹ́sì dídán kọ ọ́, yóò ti fún ọmọ náà ní òye tí kò ní.

Nínú Yorùbá gan-an, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi Àjà Ló Lẹrù (1969) hàn pé gbólóhùn lè sáré. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ń lépa ọ̀daràn. Èdè ìwé náà kún fún ìtàkùrọ̀sọ, èébú àti àkànlò èdè ìgboro. Gbólóhùn gígùn ọlọ́ṣọ̀ọ́ Fágúnwà dára fún ọdẹ tó ń wàásù. Kò bá ẹni tó ń lé olè mu, Òkédìjí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

5. Ètò ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun èlò ìtàn

Àwọn kan gbé ìdánwò dé ara ìwé tí a ń fọwọ́ mú. Ní ọdún 1969 kan náà tí Fálétí àti Òkédìjí tẹ ìwé wọn, B. S. Johnson tẹ The Unfortunates jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Abala mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà nínú àpótí, láìdì wọ́n pọ̀. Èyí àkọ́kọ́ àti èyí ìkẹyìn nìkan ló ní àyè tirẹ̀. Òǹkàwé ló ń to àwọn yòókù. Ọ̀rẹ́ òǹkọ̀wé náà tí àrùn jẹjẹrẹ pa ni ìwé ń rántí, ìrántí òkú kì í sì í tò bí ojúewé. Ní ọdún yẹn ni Georges Perec, ọmọ Faransé, tẹ La Disparition, ìwé tí lẹ́tà e kò sí nínú rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà náà ló wọ́pọ̀ jù nínú èdè Faransé. Ogun Àgbáyé Kejì ló gba bàbá Perec, àgọ́ ìparun Auschwitz ló sì gba ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ohun tí kò sí nínú ìwé náà ni ìwé ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Alain Mabanckou, ọmọ Kóńgò, kọ Verre Cassé ní ọdún 2005 láì fi àmì ìparí gbólóhùn kankan sí i, nítorí pé ọ̀mùtí tó jókòó sílé ọtí ló ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ irú wọn kì í sì í ní òpin.

Àwọn alátakò ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Wọ́n ní àrà wọ̀nyí ń lé òǹkàwé sá, pàápàá ní èdè tí àwọn tó ń kà á kò pọ̀ tó, àti pé òǹkọ̀wé Yorùbá kò tíì ní àyè fún irú eré bẹ́ẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀: ìwé tí a kò kà kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ṣùgbọ́n ìtàn ìwé Yorùbá kò ti àtakò náà lẹ́yìn. Lẹ́tà Sẹ̀gilọlá gbòde nínú ìwé ìròyìn, ìwé Fágúnwà sì dé ilé-ìwé gbogbo. Àrà tí kò nídìí ló ń lé òǹkàwé. Àrà tó nídìí ń fà á wọlé, nítorí pé ó ń mọ ìdí náà lára kó tó lè sọ ọ́.

6. Ẹ̀fẹ̀ Yewa: ìhun tó wà nílẹ̀

Apá tó kàn kan ilẹ̀ Yewa gbọ̀ngbọ̀n, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ kan láti ilẹ̀ mìíràn ni a óò kọ́kọ́ wò. Ahmadou Kourouma, ọmọ Côte d'Ivoire, fẹ́ kọ ìtàn ààrẹ apàṣẹwàá kan tó jẹ́ ọdẹ. Ìwé rẹ̀, En attendant le vote des bêtes sauvages, jáde ní ọdún 1998. Kò lo ìhun òyìnbó. Ó lo dónsómánà, ìtàn kíkà ti àwọn ọdẹ Màlíńkè, níbi tí ọ̀pìtàn ti ń kọrin oríkì ọdẹ ńlá níwájú rẹ̀, tí elégbè rẹ̀ sì ń ṣe bí òmùgọ̀, tó ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ. Òru mẹ́fà ni wọ́n fi ka ìtàn náà. Ìyìn àti ẹ̀sùn ń jáde níwájú ẹni kan náà, kò sì lè bínú, nítorí àṣà ló fún wọn láyè. Ìtàn apàṣẹwàá ń fẹ́ ẹni tó lè sọ òótọ́ lójú ọba. Kourouma rí ẹni náà nínú àṣà ilé.

Ilẹ̀ Yewa àti Kétu ní ohun tó jọ ọ́ nínú eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún ńlá ọmọ ènìyàn ní ọdún 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní ọdún 2008, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ọ̀sán ni ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Òru tó ṣáájú rẹ̀ ni ti Ẹ̀fẹ̀. Ní àwọn ìlú kan, Arábi Ajígbálẹ̀ á kọ́kọ́ jáde, Agbéná á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Tètèdé á jáde láti pe Ẹ̀fẹ̀. Nígbà tí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ bá dé ojú agbo, yóò júbà òrìṣà, àwọn ìyá àti àwọn àgbà. Yóò wúre fún ìlú. Yóò bá oníwàkíwà wí, nígbà mìíràn láìdárúkọ, tí gbogbo agbo sì mọ ẹni tó ń bá wí. Yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún, yóò rántí àwọn tó kú. Àwọn elégbè ń gba orin lẹ́nu rẹ̀.

Ọlábímtán mọ iyì ohun tó wà níbẹ̀: ó ṣe ìwádìí lórí ewì Ẹ̀fẹ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, bí wọ́n ṣe ń pe Yewa nígbà náà. Ìwé ìtàn àròsọ ni kò tíì jẹ nínú ọrọ̀ náà tó bí ó ṣe yẹ.

Bí a bá wo Ẹ̀fẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìhun, ohun mẹ́ta hàn. Lákọ̀ọ́kọ́, kò gbára lé ìtàn akọni kan. Òru kan, agbo kan àti ìlú kan ló so ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ètò tó dájú: ìjúbà, ìwúre, ìbáwí, ìròyìn, ìrántí òkú. Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn elégbè jẹ́ asọ̀tàn kejì: wọ́n lè gbe ohun tí olórin sọ, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ohùn ìlú.

Ta ló nílò irú ìhun yìí? Ìlú ẹnu ibodè ni. Láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fẹnu kò lórí ààlà ní ọdún 1889 ni ìdílé kan náà ti pín sí Ìlaro àti Sàkété, sí Ìmẹ̀kọ àti Kétu. Ọmọ ìyá kan kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì, èkejì kàwé ní Faransé. Onífàyàwọ́, aṣọ́bodè, ìyálọ́jà, àgbẹ̀ àti olùkọ́ ń gba ọ̀nà kan kọjá. Bí òǹkọ̀wé bá mú ẹnì kan nínú wọn ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn, àwọn yòókù yóò di òǹwòran. Ìtàn ibodè kò lólúwa kan, àfi ìlú. Ẹ̀fẹ̀ mọ bí a ṣe ń sọ ìtàn ìlú. Ibi yìí ni ìtàn àti ìhun ti pàdé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fipá so wọ́n pọ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀. Ẹni tó kàn fi orin Ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ ha àárín ìtàn arínúróde kò tíì lo ìhun náà. Ọ̀ṣọ́ ló fi ṣe. Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tó jẹ́ ti awo. Ó yẹ kí òǹkọ̀wé béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kó tó tẹ̀ wọ́n sínú ìwé.

7. Òṣùwọ̀n àti ìpè

Láti inú gbogbo àlàyé wọ̀nyí, òṣùwọ̀n méjì ló jáde fún ẹni tó ń kọ̀wé àti ẹni tó ń yẹ ìwé wò. Èkíní: bí a bá tún ìtàn náà sọ lọ́nà tó wọ́pọ̀, kí ni yóò sọnù? Bí nǹkan kan kò bá sọnù, àrà lásán ni. Èkejì: ǹjẹ́ òǹkàwé tó fara balẹ̀ lè kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé náà láti inú ìwé fúnra rẹ̀? Bí ó bá nílò olùkọ́ lójú ewé kọ̀ọ̀kan, òǹkọ̀wé kò tíì parí iṣẹ́. Sẹ̀gilọlá, Àkàrà-Ògùn àti Ọmọ Olókùn Ẹṣin yege nínú méjèèjì.

Iṣẹ́ wà fún oníkálukú. Kí àwọn olùkọ́, láti Ìlaro títí dé ilé-ìwé Comprehensive ní Ayétòrò, má ṣe kọ́ ọmọ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni a ń gbà kọ ìtàn. Kí wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí agbo Ẹ̀fẹ̀, kí wọ́n ní kó kọ ètò ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Kí àwọn òǹtẹ̀wé má ṣe dá ìwé padà kìkì nítorí pé kò jọ èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kí àwọn àgbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gba ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kọ́ láyè. Kí òǹkọ̀wé tó bá jókòó sídìí ìwé rẹ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìtàn náà ń fẹ́. Bí ohun tí ìtàn ń fẹ́ bá wọ́pọ̀, kó fún un. Bí ó bá ṣàjèjì, kó má bẹ̀rù, nítorí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá kò fi ìgbà kan rí dàgbà láìsí ìdánwò.